Etí Ọdẹ: Láti Kírìjì títí dé sáílẹ́ńsà

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di ará Amẹ́ríkà báyìí, kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọdẹ àgbọ̀nrín ní Texas, òun sì ti ra sáílẹ́ńsà sẹ́nu ìbọn òun. Ìbéèrè rẹ̀ ò gùn: "Prof, ṣé mo ṣì ní láti máa dí etí mi?" Ìdáhùn rẹ̀ rèé ná, kó má baà dúró pẹ́: bẹ́ẹ̀ ni, máa dí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì mi rí mọ̀ pé n kì í fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀ yẹn. Èmi kì í ṣe dókítà etí, òpìtàn ni mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn àti etí ní ìtàn nílẹ̀ Yorùbá, ìtàn náà sì kan ilé wa níbí ju bí ọmọ Texas yìí ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ogun kan tó jẹ́ pé etí ló sọ ọ́ lórúkọ. Ogun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, láti 1877 títí di ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, Ogun Kírìjì là ń pè é. Kí ni kírìjì? Kì í ṣe orúkọ ìlú. Kì í ṣe orúkọ balógun kankan. Ìró ìbọn ni. Àwọn tó wà ní ibùdó gbọ́ ọ bó ti ń dún, tí àwọn òkè agbègbè Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ ń gbà á lẹ́nu ara wọn: kírìjì, kírìjì. Wọ́n bá fi ìró náà pe ogun. Àlùfáà Samuel Johnson, tó wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ nígbà náà, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn tó ti kú, sọ nípa àwọn ìbọn tuntun tí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sílé.

Ìbọn tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ṣakabùlà. Ẹnu rẹ̀ la ti ń ki ẹ̀tù, a ó fi ọ̀pá gún un wọlé, a ó ki ọta lé e. Òyìnbó ń so ó mọ́ orúkọ ilẹ̀ Denmark, torí pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ wà lára àwọn tó ń kó o wá sí etíkun wa. Ìbọn tuntun ti Kírìjì yàtọ̀. Ìdí rẹ̀ la ti ń ki ọta sí i, ẹni tó mú un á ti yìn ín lẹ́ẹ̀mélòó kan kí onísakabùlà tó gún ẹ̀tù tirẹ̀ tán. Àwa òpìtàn ti kọ ìwé lórí Ògèdèǹgbé, a ti kọ lórí Fábùnmi, a ti kọ lórí Ààrẹ Látòósà tó kú sí ibùdó ogun ní 1885. A ti ka òkú, a ti ka ìlú tó tú, a ti ka ẹrú. Ṣùgbọ́n àwọn tó padà sílé láàyè, tí wọ́n gba ìbọn sétí fún ọdún mẹ́sàn-án, ta ló bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn ọmọ wọn?

Ọdún 1886 yẹn kan náà, tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀wé lórí Kírìjì, dókítà kan ní Glasgow tó ń jẹ́ Thomas Barr ń gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lu irin ìkòkò ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, ó ń wọn bí aago náà ṣe máa jìnnà tó kí wọ́n tó yé gbọ́ ọ. Ó yẹ 100 òṣìṣẹ́ wò. Kò rí ẹyọ kan tí etí rẹ̀ ṣì pé. Ṣáájú tirẹ̀, ní 1831, John Fosbroke ti kọ̀wé nípa dídi tí àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń di, ó ní kì í ṣe ọjọ́ kan ló ń ṣẹlẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ariwo irin ń jẹ etí wọn. Alágbẹ̀dẹ ni òyìnbó kọ́kọ́ rí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ Ògún ni alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún ni ọdẹ. Irin kan náà ló ń bọ́ wọn, irin kan náà ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Kí ni irin ń gbà? Inú lọ́hùn-ún etí, ohun kan wà níbẹ̀ tó ká bí ìkarahun ìgbín. Omi ló kún inú rẹ̀, àwọn irun tín-ín-tín-ín sì wà nínú omi náà, nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun nínú etí kan. Bí ìró bá wọlé, omi á mì, irun á tẹ̀, iṣan á gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Ìró tó lọ sílẹ̀ máa ń dé ibi tó jìnnà jù nínú ìkarahun náà. Ìró tó ga, tó tín-ín-rín, ẹnu ọ̀nà ló ń jẹ́ sí. Ariwo ìbọn a máa fọ́ àwọn irun wọ̀nyí bí ìjì ṣe ń wó oko àgbàdo. Irun orí a máa padà hù. Èyí kì í hù mọ́ títí ayé, fún ènìyàn àti fún gbogbo ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́yàn. Ẹyẹ ló rọrùn fún: ní nǹkan bí 1988 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé bí irun etí ẹyẹ bá kú, òmíràn ń hù rọ́pò. Ẹ ò rí nǹkan! Àparò tí ọdẹ yìnbọn sí, tó tàsé, etí àparò á sàn. Ti ọdẹ kò ní sàn.

Ibi tó ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Ìbọn kì í gba gbogbo ìró lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń kọ́kọ́ gba ìró tó wà láàárín nǹkan bí 3000 sí 6000 Hertz, pàápàá ibi 4000. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀ rárá: nǹkan bí 100 sí 150 Hertz ni ìpìlẹ̀ ohùn tirẹ̀, ti obìnrin lè tó 200 tàbí 250. Ìpìlẹ̀ ohùn yìí ló ń gbé àmì ohùn wa, dò-rè-mí tó ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Ìró tó wà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ìbọn ti ń ṣọṣẹ́, ni s, ni ṣ, ni f. Ọdẹ Yorùbá tí ìbọn ti jẹ etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ orin inú ọ̀rọ̀. Eegun inú ọ̀rọ̀ ló ti yọ. Ẹ pe "sá", ẹ pe "fá", ẹ pe "ṣá": létí rẹ̀, "á" ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmì ohùn wọn kò yàtọ̀, ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kò sì sí mọ́.

Bàbá kan ṣọ́ àdúgbò wa ní Ìlúpéjú fún ọdún pípẹ́, ọdẹ gidi láti Òkè-Ògùn ni wọ́n kí wọ́n tó wá sí Èkó. (Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé torí ọdẹ ni a ṣe ń pe ẹni tó ń ṣọ́lé ní ọlọ́dẹ. Àwọn tó mọ òru nínú igbó la gbà kó wá ṣọ́ òru nígboro.) Nígbà náà, bí ọlọ́dẹ bá fẹ́ kí olè mọ̀ pé òun kò sùn, ìbọn ló máa ń yìn sókè. Ní ọjọ́ kan, aládùúgbò wa kan sọ fún bàbá yìí pé, "Bàbá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti dé o," torí àwọn ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́. Bàbá ní kí wọ́n gbé e fún ìyàwó òun, pé tàná ṣì wà nínú ìkòkò. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n gbọ́. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí onígángan kan ṣì gba òpópónà kọjá, bàbá yìí ló máa kọ́kọ́ túmọ̀ ohun tó ń fi ìlù wí, ṣáájú ẹni tó kàwé. Nítorí náà, wọn ò gbà pé etí àwọn ní àrùn kankan. "Ẹ̀yin ni ẹ ò lajú ọ̀rọ̀ yín," ni wọ́n máa ń wí. Ó yé mi. Ìlù kò ní s, kò ní f. Ìlù àti àmì ohùn ni ìbọn fi sílẹ̀ fún wọn, ohun tó sì kù yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan ti lọ.

Ẹ wá gbé ìyẹn lọ sínú igbó. Ọdẹ òru ń gbé àtùpà kábáàdì síwájú orí, iná náà ò sì ju ìwọ̀nba ibi tó dé lọ. Etí ló ń kọ́kọ́ rí ẹran. Kí ni ọdẹ ń tẹ́tí sí? Ewé gbígbẹ tí pátákò tẹ̀, koríko tó fẹ́lẹ́ tó ń ha ara rẹ̀, ẹtu tó ń fẹ́ atẹ́gùn nímú. Gbogbo ìyẹn, ìró òkè ni, ìró tín-ín-rín. Ìbọn tí ọdẹ fi ń pa ẹran lónìí ló ń pa ìró ẹran tó máa wá lọ́dún tó ń bọ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran nìkan. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni. Nígbà tí ọdẹ méjì bá jọ wọ igbó, tí ọ̀kan rí ewu, tó ké pe èkejì pé "Sá!", "á" ló dé etí. Bí ẹnìkejì bá sì ń rìn bọ̀ nínú ewé, tí etí onìbọn kò fi lè mọ ẹsẹ̀ ènìyàn yàtọ̀ sí ti ẹran, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ lè já sí.

Sáílẹ́ńsà wá ńkọ́? Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ìdílé kan tí a mọ̀ dáadáa nílẹ̀ yìí, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé a mọ̀ wọ́n. Ní 1884, Hiram Stevens Maxim, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní London, ṣe ìbọn arọ̀jò-ọta tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun tí Gómìnà Carter rán láti Èkó lábẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott gbé ìbọn yẹn dé Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba kọ́ọ̀sì mi ti kọ ìdánwò lórí èyí, n ò ní tún un sọ. Ohun tí n kì í ráyè dé nínú kíláàsì ni pé Maxim fúnra rẹ̀ di adití. Ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń dán ìbọn rẹ̀ wò, láìfi nǹkan dí etí, ló gba etí rẹ̀. Wọ́n fi í joyè Sir ní 1901, ó kú ní 1916, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan kankan mọ́.

Ọmọ rẹ̀, Hiram Percy Maxim, tí wọ́n bí ní 1869, ló gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lórí sáílẹ́ńsà ìbọn ní Amẹ́ríkà ní 1909. Ẹ má jẹ́ ká sọ ìtàn di fíìmù o. N ò sọ pé ọmọ ṣe é torí etí bàbá. Bàbá ti kọrí sí Yúróòpù ní 1881, nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ló wà lọ́kàn ọmọ, ọgbọ́n tó fi pa ohùn ẹnu ìbọn àti ọgbọ́n tí wọ́n fi ń pa ohùn ẹ́ńjìnnì sì jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹni tó bá dé Ládípọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí á rí sáílẹ́ńsà ọkọ̀ tí wọ́n tò jọ bí iṣu. Ẹ gé ọ̀kan sí méjì, ẹ ó rí i: yàrá kéékèèké, ògiri irin tó ní ihò. Èéfín gbígbóná tó fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà á máa gba yàrá dé yàrá, á máa tutù, á máa fa ẹsẹ̀, nígbà tó bá fi máa dé ìta, agbára rẹ̀ ti rọ̀. Bí sáílẹ́ńsà ọkọ̀ bá lu, gbogbo òpópónà ló ń mọ̀. Ẹnu ìbọn tí kò ní nǹkan kan lórí, ọkọ̀ tí sáílẹ́ńsà rẹ̀ ti já dànù ni.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fi owó orí 200 dọ́là lé e ní 1934, owó ńlá nígbà náà, torí wọ́n ń bẹ̀rù àwọn jàǹdùkú. Ní Finland àti Norway ẹ̀wẹ̀, ọdẹ tó ń lò ó kò ṣàjèjì, ojú ọmọlúàbí ni wọ́n fi ń wò ó, pé kò jẹ́ kí àwọn aládùúgbò sùn kí wọ́n ta gìrì. Fíìmù ló bà á jẹ́ lójú àwa: apànìyàn á yí irin kékeré kan mọ́ ìbọn, ìbọn á ní "fíìn" bí ẹni tó ń pe ológbò. Irọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ọ̀rẹ́ mi ará Texas wà.

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn ariwo, kì í sì í ṣe bíi kìlómítà. Bí ó bá fi 10 gòkè, agbára ìró náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìbọn ọdẹ òyìnbó tó lágbára ń dún tó 160 sí 170 létí ẹni tó yìn ín. Àwọn tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi 140 ṣe ààlà fún ariwo òjijì bí ti ìbọn: bó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lè ba etí jẹ́. Sáílẹ́ńsà tó dára máa ń yọ nǹkan bí 20 sí 35 kúrò. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín. Ó dé ẹ̀bá ààlà, nígbà mìíràn ó kọjá díẹ̀, nígbà mìíràn kò tó o. Ìyẹn dára púpọ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì fi òpó kan ti ilé náà. Kò tíì di ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ọta náà tún ní ariwo tirẹ̀ tí sáílẹ́ńsà kò lè fọwọ́ kàn. Ìró ń rìn ní nǹkan bí 340 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta ìbọn ẹran ńlá lè rin 800. Ohun tó bá yára ju ìró lọ ń ya afẹ́fẹ́ bí ẹni ya aṣọ, ó ń sán wàá títí tó fi dé ibi tó ń lọ. Ẹnu ìbọn nìkan ni sáílẹ́ńsà ń ṣọ́. Ọta ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi ẹni tó bá lo ọta tó rọra ń lọ, irú èyí tó wà fún ìbọn kékeré .22, ni yóò bọ́ lọ́wọ́ sísán yẹn.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi ní Texas: sáílẹ́ńsà àti èdídí etí, méjèèjì. Fóòmù rírọ̀ tí wọ́n ń tà ní páálí kò wọ́n. Fi ìka yí i títí á fi tín-ín-rín, fi ọwọ́ kejì fa etí sókè àti sẹ́yìn kí ihò rẹ̀ lè tọ́, tì í wọlé, dì í mú títí á fi wú kún ihò náà. Bí ìdajì rẹ̀ bá ṣì wà níta, lásán lo ń ṣe. Òwú kò tó, bébà inú ìgbọ̀nsẹ̀ kò tó, ìka aládùúgbò kò tó. Bí o bá ń dán ìbọn wò ní pápá, tí o ó yìn ín lọ́pọ̀ ìgbà, fi ìdérí etí bo èdídí náà mọ́lẹ̀. Bó o bá jẹ́ ẹni tó ń fi èjìká ọ̀tún yìnbọn, etí òsì rẹ ló dojú kọ ẹnu ìbọn jù, torí orí rẹ ló ń bo ọ̀tún, nítorí náà má ṣe fi ti òsì ṣeré. Má yìnbọn nínú ahéré tàbí nínú àpótí tí ẹ fi ń lúgọ láìdí etí, torí ògiri á dá ariwo náà padà. Ẹni tó bá sì tẹ̀ lé ọ wọ igbó, pàápàá ọmọdé, etí tirẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ dí.

Ọdẹ kan á sọ pé, "Prof, bí mo bá dí etí, kí ni n ó fi gbọ́ ẹran?" Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdérí etí oníbátìrì wà tó ń gbé ìró kékeré wọlé, tó sì ń ti ilẹ̀kùn gbọnrangandan bí ìbọn bá dún. Owó rẹ̀ kò ṣe é fi wé ti fóòmù, ṣùgbọ́n ẹni tó lówó sáílẹ́ńsà lówó rẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó lo èdídí tó ní okùn, kó gbé e kọ́ ọrùn, kó máa fi etí òfìfo rìn, kó sì fi í sétí nígbà tó bá ti rí ẹran, kó tó fa ìbọn lé èjìká. Ṣebí ẹni tó lè dúró de ẹtu fún wákàtí méjì lè dúró de etí ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Òfin ohun ìjà wa ti 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí. Ṣakabùlà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ìsọ̀rí kan, ìbọn ọdẹ ti òyìnbó wà ní òmíràn, ti ológun sì wà níbi tí a ti kà á léèwọ̀. Ọdẹ Yorùbá tó pọ̀ jù, ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ìbọn tí alágbẹ̀dẹ wa rọ. Sáílẹ́ńsà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀, n ò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa wá a kiri, kó má lọ ṣàlàyé fún ọlọ́pàá. Fóòmù kékeré yẹn ni sáílẹ́ńsà tó bá a mu. Òfin kankan kò dè é. Ògún kò kọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá sì béèrè lọ́wọ́ mi ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, n ò ní sọ pé inú igbó. Ìṣípà ọdẹ ni n ó sọ. Nígbà tí àgbà ọdẹ bá papò dà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ péjọ láti ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un, ìbọn a máa dún léraléra, ẹ̀tù á sì pọ̀ nínú rẹ̀ kí ó lè hó dáadáa. Níbẹ̀, kò sí ẹran tí ẹnì kankan ń tẹ́tí sí. Kò sí àwáwí. Àwọn ọmọdé dúró yí onìbọn ká, wọ́n ń jó, ìwọ̀n apá méjì sẹ́nu ìbọn. Oníjàálá, tí etí rẹ̀ jẹ́ irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohùn rẹ̀, dúró láàárín wọn. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ ra páálí fóòmù kan pẹ̀lú ẹ̀tù, kí wọ́n fa ìlà tí ọmọdé kò gbọdọ̀ kọjá, kí wọ́n sì kọ ẹnu ìbọn sí ojú ọ̀run níbi tí kò sí ògiri. Òkú ọdẹ kò ní bínú.

Láti oṣù Kìíní 2020 tí wọ́n ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ti di ẹ̀ṣọ́ ìjọba ní àwọn ìpínlẹ̀ wa. Ní tèmi, ẹni tó fún ènìyàn ní aṣọ iṣẹ́ àti bàtà gbọ́dọ̀ fún un ní èdídí etí, kó sì yẹ etí rẹ̀ wò lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́, kí ó lè mọ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún ohun tí iṣẹ́ náà ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìlúpéjú wa yìí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń hó tọ̀sán tòru, ẹnì kankan kò ní sọ pé kí ọkùnrin dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá láìbo etí, pé akin ni. Kí ló dé tí a fi ń sọ ọ́ fún ọdẹ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọdẹ, tàbí tó ṣe é rí, ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ dúró sẹ́yìn wọn, kí wọ́n má rí ẹnu yín, kí ẹ rọra sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: sá, fá, ṣá. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Bí ó bá dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, tàbí bí wọ́n bá ń ráhùn pé etí àwọn ń hó nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́, ẹ mú wọn lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá. Fún àwa ará Mushin àti Surulere, LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà. Wọ́n á fi ẹ̀rọ gbé ìró oríṣiríṣi sí wọn létí, wọ́n á sì ya àwòrán onílà méjì lé ọ lọ́wọ́, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, èkejì fún òsì. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ 4000 sí. Bí ó bá jẹ́ ìbọn ni, ibẹ̀ ni ìlà méjèèjì á ti já wálẹ̀, ti òsì á sì sábà jìn ju ti ọ̀tún lọ.